Táyà sílíìkì radial fún eré dírágì: bí ẹ ṣe máa yàn án àti bí ẹ ṣe máa tò ó

Ní ojú pópó, táyà tó bá ti dán bí orí apárí, ewu ni. Lórí pápá eré dírágì, ìyẹn ìdíje ọkọ̀ lórí ọ̀nà tààrà kúkúrú, bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe é láti ilé iṣẹ́, owó ńlá la sì ń kó lé e. Ojú tí wọ́n gbẹ́ sára táyà lásán, ọ̀nà tí omi òjò máa gbà sá ni. Nínú eré dírágì, kò sí ẹni tó ń sáré nínú òjò, nítorí náà wọ́n fi rọ́bà dí gbogbo ojú rẹ̀ kí èyí tó ń fọwọ́ kan ilẹ̀ lè pọ̀ sí i. Òun là ń pè ní sílíìkì.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà to okùn inú sílíìkì: bias àti radial. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ń lo sílíìkì bias tẹ́lẹ̀ ló bọ́ ọ lọ́jọ́ kan, tó gbé radial wọ ọkọ̀ láìyí ohun kankan padà, tó sì padà wá sọ pé radial ò dáa. Táyà náà dáa. Ìwà rẹ̀ ni wọn ò mọ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko: ẹni tó bá fẹ́ gbé radial wọ ọkọ̀, kó kọ ọ̀rọ̀ yìí sára ògiri ibi tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe.

Ẹ mọ irú ẹni tí ẹ fẹ́ bá ṣe

Nínú táyà bias, àwọn okùn inú rẹ̀ gba ìdábùú kọjá lórí ara wọn bí ẹní tí a hun. Bí ẹ bá gbéra, ẹ̀gbẹ́ táyà náà á hunjọ, á lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún, á wá na ara rẹ̀ padà. Ìhunjọ yẹn ló ń gba ìyà agbára ẹ́ńjìnnì kí ó tó dé ilẹ̀. Nínú radial, okùn náà gba tààrà láti etí ríìmù kan dé èkejì, ìgbànú líle sì wà lábẹ́ rọ́bà ojú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í lọ́ tó bẹ́ẹ̀. Agbára tí ẹ bá rán sí i, kíá ló ń dé ilẹ̀.

Èrè rẹ̀ ni pé radial ń yí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kì í fa ọkọ̀ sẹ́yìn bíi bias, ọkọ̀ kì í sì í jó sọ́tùn-ún sósì bí eré bá ti le ní ìparí ọ̀nà. Kì í sì í wú púpọ̀ bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i, nígbà tí bias máa ń ga sí i bó ṣe ń yára yí.

Ìyà rẹ̀ ni pé kò mọ àforíjì. Bí bias bá yọ̀ díẹ̀, ẹ lè gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ kúrò lórí iná, kó tún di ilẹ̀ mú, kí ẹ máa bá eré lọ. Bí radial bá ti yọ̀, ó sábà máa ń yọ̀ títí ni. Ẹsẹ̀ kúrò lórí iná pátápátá, ó parí fún ìgbà yẹn.

Ìmọ̀ràn tèmi rèé. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ gíà ọ́tò, tí ẹ sì ní ọ̀nà láti dín agbára ẹ́ńjìnnì kù ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, ẹ ra radial. Bí ó bá jẹ́ gíà ọlọ́wọ́ tí ẹ ń já kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sílẹ̀ gbàgà, ẹ dúró sórí bias, àyàfi tí ẹ bá ṣe tán láti tún kílọ́ọ̀ṣì náà ṣe kó lè máa gbá agbára mú díẹ̀díẹ̀.

Ìwé òfin ṣáájú owó

Ẹ ka òfin ìpele tí ẹ fẹ́ sáré nínú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó táyà. Àwọn ìpele kan wà ní Amẹ́ríkà tí ìwọ̀n táyà gan-an ló fún wọn lórúkọ: X275 ń lo radial 275/60, Radial vs the World sì ń lo 315. Táyà irú ìpele bẹ́ẹ̀ máa ń ní àmì DOT lára, àmì pé ó tó ojú pópó rìn, pẹ̀lú ìlà díẹ̀ lójú. Sílíìkì radial kò ní àmì yẹn. Bí ẹ bá gbé e dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè DOT, ẹ máa padà sílé ni. Ẹ má sì fi sílíìkì wa ọkọ̀ dé ọjà o. Òjò kékeré kan péré ti tó.

Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ní ohun tó gbọ́dọ̀ ní pẹ̀lú. Táyà tó bá di ilẹ̀ mú kì í jẹ́ kí agbára rí ibi sá sí, apá ibòmíràn ló máa dá. Ìdí nìyẹn tí òfin NHRA, ẹgbẹ́ tó ń darí eré dírágì ní Amẹ́ríkà, fi sọ pé ọkọ̀ tó bá ń lo sílíìkì, tó sì ń sá ìdámẹ́rin máìlì ní ìṣẹ́jú àáyá 13.99 tàbí kó yára jù bẹ́ẹ̀, gbọ́dọ̀ ní òrùka irin tó yí ṣáàfútì gígùn abẹ́ ọkọ̀ ká, kí ṣáàfútì náà má baà gún ilẹ̀ bó bá já. Láti 11.49 dé 10.00, ọ̀pá irin tó ń dáàbò bo orí awakọ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Wọ́n máa ń tún ìwé òfin ṣe, ẹ wo ti ọdún tí ẹ wà.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́

Kíkà nọ́ńbà ara táyà kò le. 275/60R15: fífẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ jẹ́ mìlímítà 275; gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 60 nínú 100 ti 275, ìyẹn 165; R ni radial; 15 ni ríìmù ní ínṣì. Ẹ ka 165 lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi 381 ti ríìmù kún un, ó di mìlímítà 711, ìyẹn ínṣì 28 ní gíga. Ọ̀pọ̀ sílíìkì ni wọ́n kọ ọ́ sí lára lọ́nà tó rọrùn jù báyìí lọ: 28.0/10.5R15 túmọ̀ sí gíga ínṣì 28, ojú ínṣì 10.5, ríìmù ínṣì 15.

Gíga táyà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà, ara gíà ló jẹ́. Ẹ mú iye máìlì tí ọkọ̀ ń sá ní wákàtí kan ní ìparí ọ̀nà, ẹ fi nọ́ńbà gíà ẹ̀yìn sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ tún fi 336 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi gíga táyà ní ínṣì pín in. Ọkọ̀ tó ń sá máìlì 120 pẹ̀lú gíà 4.10 àti táyà ínṣì 28 máa ní ẹ́ńjìnnì tó ń yí nǹkan bí 5,900 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ gbé táyà ínṣì 26 sí i, ó di nǹkan bí 6,360. Gíà ọ́tò máa ń yọ̀ díẹ̀ nínú, nítorí náà ohun tí ẹ máa rí nínú ọkọ̀ á ga ju èyí lọ. Ibi tí ẹ́ńjìnnì yín ti ń mú agbára jáde jù ni kí ẹ fi yan táyà àti gíà pọ̀. Ẹ rántí pé bias ń wú, radial kì í wú tó bẹ́ẹ̀: bí ẹ bá pààrọ̀ ínṣì 28 bias sí ínṣì 28 radial, ẹ́ńjìnnì lè yí ju bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ ní ìparí ọ̀nà, gíà ò sì yí padà.

Ní ti fífẹ̀ táyà, ojú kòkòrò ló ń kó ọ̀pọ̀ wa sí wàhálà. A fẹ́ èyí tó fẹ̀ jù lọ tó lè wọ abẹ́ ọkọ̀. Táyà tó bá tóbi ju agbára ọkọ̀ lọ wúwo, ó ṣòro yí, kì í sì í gbóná tó. Èyí tó kéré jù tó lè gbé agbára yín láìyọ̀ ni kí ẹ rà. Ẹ wo ìwé ilé iṣẹ́ fún fífẹ̀ ríìmù tó bá a mu: ríìmù tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù á mú kí àárín ojú táyà yọ síta, èyí tó bá sì fẹ̀ jù á na ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le gbagidi.

Kí ẹ tó rà á, ẹ wọn ààyè abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú ìwúwo ọkọ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe lórí jáàkì. Ẹ rántí pé ẹ̀gbẹ́ táyà máa ń yọ síta ju ojú rẹ̀ lọ. Ínṣì kan lọ́tùn-ún, ínṣì kan lósì, ọkàn yín á balẹ̀.

Gbígbé e wọ ríìmù

Ẹ fi téèpù wọn yíká táyà méjèèjì lẹ́yìn tí ẹ bá fún wọn ní afẹ́fẹ́ kan náà. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ dáadáa, ẹ dá a padà. Gíà ẹ̀yìn tó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ á máa fa ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ó sì rò pé ọwọ́ yín ni kò tọ́.

Táyà tútù le bí igi. Ẹ jẹ́ kó jókòó nínú yàrá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ kí ẹni tó máa wọ̀ ọ́ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má jẹ́ kó kun etí ríìmù ní ohun olóròóró tí kò ní gbẹ. Omi ọṣẹ díẹ̀ ti tó, nítorí ohun tó mú kó wọlé wẹ́rẹ́ náà ló máa jẹ́ kí ríìmù yí nínú táyà lọ́jọ́ eré. Ẹ má kọjá iye afẹ́fẹ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń jẹ́ kó bọ́ sí àyè, ẹ má sì dúró lé e lórí.

Bó bá ti wọlé, ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ lára ríìmù tó sì kọjá sí ẹ̀gbẹ́ táyà. Lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan ẹ wò ó. Bí ìlà náà bá ti já sí méjì, ríìmù ti yí nínú táyà, ẹ nílò ríìmù tó ní òrùka tó ń di etí táyà mú. Ẹ má kàn gbá skúrù gba ara ríìmù mọ́ etí radial nítorí pé àwọn oníbias ń ṣe é. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà yín ná.

Ẹsẹ̀ iwájú ńkọ́? Kí ó jẹ́ radial pẹ̀lú. Bias tẹ́ẹ́rẹ́ níwájú, radial lẹ́yìn, méjèèjì kì í dáhùn sí ọwọ́ awakọ̀ lọ́nà kan náà. Ní eré tó le, ọkọ̀ á máa rìn gbéregbère.

Afẹ́fẹ́, ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ wà

Ẹ ra géèjì gidi. Èyí tó ń ka psi (òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà) láti 0 dé 30, tí ìlà rẹ̀ hàn ní ìdajì-ìdajì. Mo ti fi odidi ọjọ́ kan lé ọkọ̀ tó ń yọ̀ kiri, tí mo ń tú ṣọ́ọ̀kì, tí mo ń dín agbára kù, kí n tó yá géèjì ẹlòmíràn. Tèmi ń parọ́ pẹ̀lú psi 2. Láti ìgbà náà, géèjì kan ṣoṣo ni mo ń lò, inú àpótí rẹ̀ ló ń sùn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jù ú sílẹ̀.

Radial fẹ́ afẹ́fẹ́ ju bias lọ. Níbi tí bias lè ti jókòó jẹ́ẹ́ ní psi 8 tàbí 10, radial á máa mì, etí ojú rẹ̀ nìkan ni yóò sì máa ṣiṣẹ́. Iye tí ilé iṣẹ́ kọ fún ìwúwo ọkọ̀ yín ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Fún ọkọ̀ onílẹ̀kùn tó ní ìwúwo bí ọkọ̀ lásán, psi 16 sí 18 kì í ṣe ibi àṣìṣe láti bẹ̀rẹ̀ bí ẹ ò bá rí ìwé. Ẹ wá máa sọ̀ kalẹ̀ ní ìdajì psi lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bákan náà, títí tí àkókò ẹsẹ̀ bàtà 60, ìyẹn àkókò tí ọkọ̀ fi sá ẹsẹ̀ bàtà 60 àkọ́kọ́, kò fi ní dára sí i mọ́. Nígbà náà ẹ gùn padà sókè ní ìdajì kan.

Oòrùn máa ń tan ni jẹ. Ní nǹkan bí psi 16, gbogbo 10 °C tí táyà bá fi gbóná sí i, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fi bíi psi 1 gùn. Ẹni tó wọn táyà rẹ̀ ní àárọ̀ tí kò tún wò ó mọ́ títí di ọ̀sán, táyà mìíràn ló fi ń sáré, kò kàn mọ̀ ni. Ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ń pa sì lè ju ẹ̀gbẹ́ tó wà ní ibòji lọ. Nítorí náà ẹ fi nǹkan bo táyà nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, kí ẹ wọn ọ́n ní àkókò kan náà nígbà gbogbo: èmi máa ń ṣe é lórí ìlà ìdúró, kí wọ́n tó pè mí síbi omi tí a ti ń rin táyà ṣáájú eré. Ìgbà tí ẹ yàn ò ṣe pàtàkì tó pé kí ẹ má yí i padà.

Jíjó táyà

Jíjó táyà ni yíyí táyà ẹ̀yìn lójú kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kó lè gbóná. Àwọn òǹwòran fẹ́ èéfín. Radial ò fẹ́ ẹ. Bí ó bá gbóná jù, ojú rẹ̀ á di bí ọ̀rá, ẹ ó sì dé ìlà ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú táyà tó ń yọ̀.

Ẹ yí táyà tuntun díẹ̀ kí ohun tí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò nínú ìkòkò ilé iṣẹ́ lè jó kúrò, kí ẹ sì sáré kan tàbí méjì jẹ́jẹ́. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó béèrè ohun ńlá lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ eré, ẹ wọ ibi omi, ẹ yí jáde díẹ̀ kí táyà wà ní etí omi, kì í ṣe láàárín adágún. Ẹ ti bíréèkì iwájú pa, ẹ fi gíà kejì tàbí kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Gíà kìíní á gbé ẹ́ńjìnnì lọ sókè láìjẹ́ kí táyà yára tó. Bí èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ bá ti ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, tí ẹ sì gbọ́ tí ohùn ẹ́ńjìnnì wúwo díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ yí jáde, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ ka a sínú bí ọmọdé tó ń ṣeré bojúbojú, kí ìgbà kejì lè gùn bíi ti àkọ́kọ́. Àwọn tó máa ń tún ta ọkọ̀ síwájú gbàgà lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n jó táyà tán, bias ló kọ́ wọn nìyẹn. Ẹ fi í sílẹ̀.

Gbígbéra

Bias fẹ́ kí wọ́n gbá a. Radial fẹ́ kí wọ́n tì í. Gbogbo ohun tó kù nínú títò ọkọ̀ ti inú gbólóhùn méjì yìí jáde.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ́ńjìnnì. Ẹ dín iye ìyípo tí ẹ fi ń gbéra kù sí ìsàlẹ̀ èyí tí ẹ ń lò fún bias, kí ẹ máa fi kún un bí táyà bá ṣe gbà yín láyè. Bí kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì bá lè fa iná pílọ́ọ̀gì sẹ́yìn ní ìbẹ̀rẹ̀, tàbí kó mú agbára turbo (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì) wọlé díẹ̀díẹ̀, ibẹ̀ ni owó yín yẹ kó lọ kí ẹ tó ra ohun mìíràn.

Lẹ́yìn náà ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìje, bí agbára bá dé, ara ọkọ̀ máa ń gbéra sókè kúrò lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ìgbéra yẹn náà ló sì ń tẹ táyà mọ́lẹ̀. Bí ṣọ́ọ̀kì bá rọ̀ nígbà tó ń nà, táyà á gba ìkúùkù. Ẹ mú apá tó ń ṣàkóso nínà rẹ̀ le sí i, ìkúùkù náà á di títì. Níwájú, ẹ jẹ́ kí imú ọkọ̀ lè dìde kí ìwúwo lè lọ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kó má dìde títí tí yóò fi ṣubú padà gbì. Bí imú bá jábọ́, ìwúwo á kúrò lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, radial á sì yọ̀ níbi tí ẹ ò ti retí rẹ̀.

Níbo ló ti yọ̀? Ìbéèrè tó ń tú àṣírí nìyẹn. Ẹ ní kí ẹnì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí òfin pápá gbà á láyè, kó fi fóònù ká táyà ẹ̀yìn ní fídíò tó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Bó bá yọ̀ ní kété tí iná tàn, agbára ìbẹ̀rẹ̀ tàbí afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù, tàbí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ló ń gbá a. Bó bá di ilẹ̀ mú, tó wá yọ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ bàtà 20 tàbí 30, ẹ wo ohun tí imú ọkọ̀ ń ṣe ní àkókò yẹn. Bó bá ń gbọ̀n jìgìjìgì dípò kó yọ̀ gbọọrọ, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò kíá; táyà tó ń gbọ̀n lè fọ́ nǹkan nínú ọkọ̀, ó sì lè mì yín débi pé ẹ ò ní ríran dáadáa.

Ẹ má yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo mọ̀ pé ó ń ṣe yín bíi kí ẹ ṣe é, pàápàá bí ìgbà tí wọ́n máa tún pè yín bá ti sún mọ́. Bí ẹ bá yọ ìdajì psi tí ẹ tún mú ṣọ́ọ̀kì le, tí ọkọ̀ sì yára sí i, ta lẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ohun tí táyà ń sọ lẹ́yìn eré

Ẹ fọwọ́ pa ojú rẹ̀ láti etí kan dé èkejì kó tó tutù, tàbí kí ẹ fi òṣùwọ̀n ooru kan ibi mẹ́ta: etí inú, àárín, etí òde. Àárín tó gbóná ju etí méjèèjì lọ túmọ̀ sí afẹ́fẹ́ púpọ̀. Etí méjèèjì tó gbóná ju àárín lọ, afẹ́fẹ́ kéré. Bó bá jẹ́ etí inú nìkan, afẹ́fẹ́ kọ́ ni: táyà ò dúró ṣánṣán, ó ti fì sínú. Ọ̀rọ̀ títo ẹsẹ̀ ọkọ̀ nìyẹn, ó sì wọ́pọ̀ nínú ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: afẹ́fẹ́, ooru ilẹ̀, ooru afẹ́fẹ́, gígùn ìjótáyà, nọ́ńbà ṣọ́ọ̀kì, àkókò ẹsẹ̀ bàtà 60. Ìwé yẹn á níyì ju táyà lọ kí ọdún tó parí.

Bí ẹ ò bá ní sáré fún ìgbà pípẹ́, ẹ bọ́ wọn, ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ wé wọn nínú ọ̀rá dúdú, ẹ gbé wọn sí ibi tó ṣókùnkùn tí kò gbóná, jìnnà sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó irin àti mọ́tò iná mànàmáná, nítorí ohun tó ń jáde lára wọn máa ń mú kí rọ́bà sán. Àwọn ihò kékeré kan wà lójú sílíìkì tó ń fi hàn bí rọ́bà ṣe kù sí. Ẹ máa wọn ìjìn wọn, ẹ máa kọ iye eré tí táyà ti sá sórí téèpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ríìmù. Ọ̀pọ̀ ìgbà, àkókò ẹsẹ̀ bàtà 60 á ti bẹ̀rẹ̀ sí í burú kí ihò náà tó parẹ́. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ tí ẹ ò yí nǹkan kan padà, ẹ má fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì: táyà tuntun lẹ nílò, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.